Ọ̀nà Ifẹ̀ sí Iléṣà: ẹ fún ìpínlẹ̀ láṣẹ, kí owó sì tẹ̀lé àṣẹ náà

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi fi ọ̀rọ̀ yìí sójú ìwé yín. Mo fẹ́ kí àwọn tó ń ṣojú wa l'Ábùjá rí i, mo sì fẹ́ kí àwọn ará ilé náà kà á, torí pé púpọ̀ nínú wa ò mọ ẹni tó yẹ ká dojú ọ̀rọ̀ kọ.

Ta ló ni ọ̀nà tó ti Ifẹ̀ wọ Iléṣà? Mo ti bi awakọ̀, mo ti bi àwọn ìyá tó ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní Òṣú, mo ti bi olùkọ́ pàápàá. Ohun tí mo sábà ń gbọ́ ni pé gómìnà ló ni ín. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí kòtò bá ti lanu, gómìnà tó bá wà lórí oyè ni wọ́n máa ń bú, ẹgbẹ́ òṣèlú yòówù kó ti wá. Ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà tó ti Ìbàdàn wá, tó gba Àṣèjìrẹ, Ìkirè àti Gbọ̀ngán wọ Ifẹ̀, tó gba Òṣú wọ Iléṣà, tó tún gba Ìwáràjà àti Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà forí lé Àkúrẹ́, ìjọba àpapọ̀ ló ni ín. Ó wà nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999, nínú àtòjọ àwọn nǹkan tí ìjọba àpapọ̀ nìkan láṣẹ lé lórí. Nọ́ńbà 11 níbẹ̀ fi kíkọ́ irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ àti títún un ṣe sọ́wọ́ Ábùjá, nọ́ńbà 63 sì fi ètò ìrìnnà ọkọ̀ orí rẹ̀ kún un. Nínú nǹkan bíi kìlómítà 195,000 ọ̀nà tó wà ní Nàìjíríà, èyí tó jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀ kò ju nǹkan bí 32,000 lọ, ṣùgbọ́n òun ni tírélà ń gbà, òun ni táńkà epo ń gbà, òun ló so ìlú pọ̀ mọ́ ìlú.

Iṣẹ́ ojú ọ̀nà ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì. Èmi ni mo máa ń kó àwọn tó ń dí kòtò jáde láàárọ̀, èmi ni mo máa ń yẹ iṣẹ́ wọn wò nírọ̀lẹ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí kòtò ṣe ń bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ owó tí mo fẹ́ sọ ti ṣẹ̀ wá.

Kòtò kì í ṣàdédé yọ. Ojú ọ̀dà ló máa kọ́kọ́ sán tẹ́ẹ́rẹ́, ẹni tó wà nínú ọkọ̀ ò ní rí i rárá. Bí gọ́tà ẹ̀gbẹ́ títì bá ti dí, omi òjò ò ní ríbi lọ, á dúró sójú ọ̀nà, á sì máa gba ibi tó sán yẹn wọlé. Yẹ̀pẹ̀ pupa tí a tẹ̀ kó le kí a tó da ọ̀dà lé e á wá rin gbingbin. Tírélà tó bá gun ibẹ̀ á fún ẹrẹ̀ náà jáde, òmíràn á tún gùn ún, á tún fún un jáde. Kó tó pẹ́, abẹ́ ti ṣófo, ọ̀dà òkè á sì wó wọlé. Ẹni tó bá dé ibẹ̀ nígbà tó ṣì jẹ́ ilà tẹ́ẹ́rẹ́, ọ̀dà yíyọ́ díẹ̀ ni yóò fi dí i, ọ̀rọ̀ ti parí. Bó bá ti di kòtò, a óò fi dígà gé etí rẹ̀ kó gún régé, a óò kó ẹrẹ̀ inú rẹ̀ títí a ó fi kan ilẹ̀ tó le, a óò fi ọ̀dà yíyọ́ pa á lára, a óò wá máa kún un ní ìpele ìpele, a ó sì máa tẹ̀ ẹ́. Bí wọ́n bá wá fi í sílẹ̀ di òjò ọdún kejì, yẹ̀pẹ̀ abẹ́ gan-an la máa hú, ká tó bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Owó ti ìkẹyìn yìí ò ṣeé fi wé ti àkọ́kọ́. Ẹni tí ọ̀nà ń fẹ́ ni ẹni tó wà nítòsí, tó láṣẹ, tó sì lówó lọ́wọ́ ní ọ̀sẹ̀ tí ilà yẹn yọ. Ábùjá jìnnà sí Òṣú.

Ní àkókò òjò kan, à ń ṣe títì kan nínú ìlú Iléṣà níbí, ti ìpínlẹ̀ ni. Nígbà tí a parí, ọ̀dà gbígbóná tí wọ́n ti pò mọ́ òkúta wẹ́wẹ́ ṣẹ́kù sínú típà. Kòtò kan sì wà lójú ọ̀nà Ifẹ̀, kò jìnnà sí wa, kòtò tó ti ba táyà jẹ́ mọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́wọ́. Mo ní kí awakọ̀ típà darí síbẹ̀. A ò tíì da ṣọ́bìrì kan tí ọ̀gá mi fi pè: ọ̀nà yẹn kì í ṣe tiwa, bí a bá fọwọ́ kàn án, ìwé á dé, ẹni tó bá sì náwó ìpínlẹ̀ sórí rẹ̀ ni wọ́n máa ní kó wá ṣàlàyé. Irú ọ̀dà yìí ò ní sùúrù, bó bá ti tutù, kò ṣeé tẹ̀ mọ́. A lọ dà á sí etí igbó. Kòtò náà wà níbẹ̀ títí òjò fi lọ. Ọ̀gá mi ò ṣe burúkú o, òfin ló ń bà á lẹ́rù. Òfin náà ni mo fẹ́ kí wọ́n tún ṣe.

Àwọn ìpínlẹ̀ kan ti fi owó ara wọn ṣe ọ̀nà ìjọba àpapọ̀ rí, Ọ̀ṣun sì wà lára wọn. Ní ọdún 2020, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà fọwọ́ sí i pé kí ìjọba àpapọ̀ dá owó tó lé ní bílíọ̀nù 148 náírà padà fún ìpínlẹ̀ márùn-ún: Rivers, Bayelsa, Cross River, Oǹdó àti Ọ̀ṣun. Ẹ wo iye ìjókòó, iye ìwé, iye ẹ̀bẹ̀ tó wà láàárín ọjọ́ tí wọ́n da ọ̀dà àti ọjọ́ tí aṣòfin fọwọ́ sí i. Náírà tí ìpínlẹ̀ ná kọ́ ni náírà tó gbà padà, ẹni tó bá ń ra sìmẹ́ǹtì mọ ohun tí mò ń wí. Ìjọba àpapọ̀ sì ti kìlọ̀ léraléra pé ìpínlẹ̀ tó bá ṣe ọ̀nà òun láìgbàṣẹ, kó má retí kọ́bọ̀. Gómìnà tó bá gbọ́ irú ìkìlọ̀ yìí, kí ló fẹ́ ṣe? Á fi ọ̀nà sílẹ̀, á ní ti Ábùjá ni. Ábùjá náà á ní owó ò tíì jáde. Àárín àwọn méjèèjì ni àwa ń gbé.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan á sọ pé: ẹ̀yin Ìjẹ̀ṣà lẹ̀ ń rìn lójú ọ̀nà yẹn, ẹ fowó yín tún un ṣe, kí lẹ tún ń bèèrè owó padà fún? Mi ò gbà. Kì í ṣe kọ́rọ́pẹ́ tó ń na Ifẹ̀ sí Iléṣà ló ń fọ́ ọ̀nà yẹn. Láàárín 1958 sí 1960, àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà la títì síbì kan ní ìpínlẹ̀ Illinois, wọ́n sì ń fi ọkọ̀ akẹ́rù gùn ún tọ̀sán-tòru kí wọ́n lè mọ ohun tó ń bà á jẹ́. Ohun tí wọ́n rí ni pé bí ẹrù tó wà lórí ẹsẹ̀ ọkọ̀ kan bá di ìlọ́po méjì, ohun tó ń bàjẹ́ lójú ọ̀nà kì í ṣe ìlọ́po méjì, ó ń tó ìlọ́po mẹ́rìndínlógún. Gbogbo àwa oníṣẹ́ ọ̀nà la mọ èyí. Tírélà tó kó ẹrù láti Èkó, tó ń lọ sí Àkúrẹ́, sí Bìní, sí Àbújá pàápàá, ló ń ṣẹ́ ọ̀nà Iléṣà léegun. Ọjà gbogbo orílẹ̀-èdè ló kó, nítorí náà, ó tọ́ kí àpò gbogbo orílẹ̀-èdè san owó rẹ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí owó wá láti Ábùjá, ṣùgbọ́n kí àṣẹ bí a ó ṣe ná an wà nítòsí ọ̀nà.

Ọmọ mi kan ń gbé ní Boston, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Nígbà tí mo lọ kí i, ojú iṣẹ́ mi ni mo fi ń wo gbogbo títì wọn. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé àwọn ọ̀nà ńláńlá tó ti ìpínlẹ̀ kan wọ òmíràn, tí àmì wọn jọra káàkiri orílẹ̀-èdè, ìpínlẹ̀ ló ni wọ́n. Ààrẹ wọn nígbà náà, Eisenhower, fọwọ́ sí òfin wọn ní oṣù Kẹfà ọdún 1956, òfin yẹn sì dá àpò kan sílẹ̀ fún ọ̀nà, tí owó orí epo ọkọ̀ ń wọ̀. Nínú dọ́là 100 tí wọ́n bá ná sórí àwọn ọ̀nà ńlá yẹn, ìjọba àpapọ̀ ń san 90. Lórí èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ọ̀nà yòókù tí owó náà dé, 80 ló ń san. Ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ ló ń gbé iṣẹ́ fún agbaṣẹ́ṣe, òun ló ń yẹ iṣẹ́ wò, òun ló ń kọ́kọ́ sanwó. Lẹ́yìn náà ló máa fi ìwé owó ránṣẹ́, ìjọba àpapọ̀ á sì dá ìpín tirẹ̀ padà. Gómìnà kì í lọ dọ̀bálẹ̀ fún mínísítà kankan kó tó rí i gbà. Òfin ti pín in, kálukú ti mọ iye tó jẹ́ tirẹ̀. Owó tí wọ́n bá sì pín fún ọdún kan kì í kú ní December, ìpínlẹ̀ ṣì lè lò ó fún ọdún mẹ́ta mìíràn lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣiṣẹ́ ìjọba rí, ẹ mọ ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ sí owó iṣẹ́ tiwa bí ọdún bá ń parí lọ.

Ọmọ mi mú mi dé ibùdó reluwé kan tó ń jẹ́ Roxbury Crossing. Ilẹ̀ ibẹ̀, títì márosẹ̀ ni wọ́n fẹ́ fi ṣe. Wọ́n ti wó ilé àwọn èèyàn, wọ́n ti tú wọn ká. Àwọn ará àdúgbò fárígá, wọ́n ní àwọn ò fẹ́ márosẹ̀ tó máa la àárín àwọn kọjá. Gómìnà wọn nígbà náà, Francis Sargent, dá iṣẹ́ dúró ní 1970, nígbà tó sì di 1972, ó fagi lé e pátápátá. Níbi tí ọ̀rọ̀ dùn sí, ní 1973, ilé aṣòfin àpapọ̀ wọn ṣe òfin pé owó ìjọba àpapọ̀ tó yẹ kó lọ sórí irú márosẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò ní ṣègbé, ìpínlẹ̀ lè pààrọ̀ rẹ̀ sórí reluwé. Ojú irin tí wọ́n fi owó náà kọ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1987, ó sì wà níbẹ̀ dòní, pẹ̀lú ọgbà tí àwọn ọmọdé ti ń ṣeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo jókòó síbẹ̀, inú mi ń ro ọ̀dà tí a dà sí etí igbó.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1991, òfin mìíràn tí Ààrẹ George H. W. Bush fọwọ́ sí tún fẹ àǹfààní yẹn lójú sí i. Ìpínlẹ̀ àti ìlú lè gbé apá kan owó ọ̀nà sórí bọ́ọ̀sì, sórí reluwé, sórí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, bí wọ́n bá ṣe rí i pé ó yẹ níbi tí wọ́n wà. Lábẹ́ òfin tí wọ́n ń lò lónìí, ìpínlẹ̀ lè gbé tó ìdajì owó tí wọ́n pín fún un lábẹ́ ètò kan lọ sí ètò mìíràn. Mi ò sọ pé tiwọn pé o. Owó orí epo wọn, sẹ́ǹtì 18.4 lórí gálọ́ọ̀nù kan, kò kúrò níbi tó wà láti 1993, àpò ọ̀nà náà sì ti ń gba àfikún látinú àpò gbogbogbò láti 2008. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo àríyànjiyàn wọn, n kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé kí ìpínlẹ̀ má fọwọ́ kan ọ̀nà tó wà lórí ilẹ̀ rẹ̀.

Ẹ má sì rò pé ọ̀rọ̀ àjèjì ni mo ń kó wálé. Òfin tó dá FERMA, àjọ tó ń tọ́jú ọ̀nà ìjọba àpapọ̀, sílẹ̀ ní 2002, tí wọ́n tún ṣe ní 2007, sọ pé ìdá 5 nínú 100 owó epo bẹntiróòlù àti dísẹ̀lì ní ilé epo yóò máa lọ sórí ìtọ́jú ọ̀nà. Nínú owó yẹn, ìdá 40 jẹ́ ti FERMA, ìdá 60 jẹ́ ti àjọ ìtọ́jú ọ̀nà ti àwọn ìpínlẹ̀. Ìdá 60! Àwọn tó kọ òfin yẹn mọ ibi tí iṣẹ́ wà. Ọdún ń gorí ọdún, a ò rí i kó ṣiṣẹ́. Òfin owó orí tuntun tí ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù Kẹfà ọdún 2025 tún dárúkọ ìdá 5 lórí epo, ṣùgbọ́n ó ní kò ní bẹ̀rẹ̀ àfi tí mínísítà ètò ìṣúná bá kéde rẹ̀. Ní tèmi, kí wọ́n má kéde rẹ̀ báyìí. Láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ epo, ojú awakọ̀ ti rí nǹkan, ojú èrò ọkọ̀ náà ti rí nǹkan. Kí ìjọba àpapọ̀ mú owó ọ̀nà nínú ìpín tó ti ń gbà. Nínú owó àpò àpapọ̀ tí wọ́n ń pín, òun nìkan ń mú 52.68 nínú 100. Gbogbo ìpínlẹ̀ mẹ́rìndínlógójì pa pọ̀ ń mú 26.72, gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ ń mú 20.60. Ẹni tó mú ju ìdajì lọ ló yẹ kó gbé ẹrù tírélà.

Ẹ̀rù tó ń ba àwọn èèyàn ni pé bí owó bá dé ọwọ́ gómìnà, á di owó ìdìbò. Ẹ̀rù yẹn tọ́. Mo ti rí owó títì tó di owó nǹkan mìíràn lójú mi. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi sọ pé kí wọ́n gbé owó lé gómìnà lọ́wọ́ ṣáájú. Kó ṣiṣẹ́ ná, kí onímọ̀ ẹ̀rọ ìjọba àpapọ̀ wá fi irin lu ojú ọ̀nà, kó wọn bí ọ̀dà ṣe nípọn tó, kí wọ́n wá dá owó padà láàárín iye ọjọ́ tí òfin bá sọ, láìsí pé ẹnikẹ́ni tún ń lọ sí ilé aṣòfin. Ohun tí kò tíì sí lójú títì, kò sẹ́ni tó máa sanwó rẹ̀. Ìpínlẹ̀ tí kò bá lówó ìbẹ̀rẹ̀, kí wọ́n yá a ní ìwọ̀nba, kí wọ́n sì yọ ọ́ nínú owó tó ń bọ̀. Kí ìpínlẹ̀ sì kọ àwọn ọ̀nà tó fẹ́ ṣe fún ọdún mẹ́rin síwájú sílẹ̀, bí òfin ṣe ní kí ti Amẹ́ríkà máa ṣe, kó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri gbogbo ìjọba ìbílẹ̀, ní èdè Yorùbá, kí iye owó wà níwájú iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ìyá tó ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ á lè kà á pé gọ́tà Òṣú wà níbẹ̀ tàbí kò sí níbẹ̀.

Kí òmìnira náà ní ààlà pẹ̀lú. Owó ọ̀nà ò gbọ́dọ̀ di owó oṣù, kò gbọ́dọ̀ di owó ère oríta. Títún èyí tó wà ṣe ni kó ṣáájú lílà tuntun, torí gómìnà fẹ́ràn láti gé rìbọ́ǹnù, kò sì sẹ́ni tó ń gé rìbọ́ǹnù lórí gọ́tà tí wọ́n kó ìdọ̀tí inú rẹ̀. Nínú ààlà yẹn, kí ìpínlẹ̀ lè yí owó padà síbi tí ara ti ń ta á. Bí wọ́n bá kọ owó ọ̀dà tuntun fún ojú ọ̀nà tó ṣì dára, tó sì jẹ́ pé ibi tí omi ń gbà kọjá lábẹ́ títì ló ti wó níbòmíràn, kí wọ́n gbé owó náà lọ síbi tó wó. Kí wọ́n lè fi ṣe ibi tí wọ́n á ti máa wọn ẹrù tírélà. Kí wọ́n lè fi ṣe afárá ẹlẹ́sẹ̀ níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń sáré la márosẹ̀ kọjá.

Ọ̀rọ̀ ìwòsàn ló tilẹ̀ ń dùn mí jù. Ilé ìwòsàn Wesley Guild tó wà ní Iléṣà àti ilé ìwòsàn ńlá tó wà ní Ifẹ̀, abẹ́ ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ kan náà ni wọ́n wà. Ọkọ̀ aláìsàn ń lọ, ó ń bọ̀ láàárín wọn. Aboyún tí wọ́n bá ní kí wọ́n gbé láti ìhín lọ sí ọ̀hún, ojú ọ̀nà yẹn náà ni yóò gbà. Ìrìn nǹkan bíi kìlómítà 30 ni. Mo ti jókòó ti ẹni tó ń rọbí nínú ọkọ̀ lójú ọ̀nà yìí, ìyàwó ọmọ mi ni. Níbi tí títì ti dára, ó ń mí. Níbi tí kòtò wà, ó ń di apá mi mú, awakọ̀ ò lè sáré, kò sì lè dúró. Ọlọ́run bá wa ṣe é, ìyá àti ọmọ yè. N kò ní gbàgbé bó ṣe di apá mi mú.

Olóòtú, iṣẹ́ kan ni mo fẹ́ bẹ̀ yín. Ọ̀ṣun ní sẹ́nétọ̀ mẹ́ta àti aṣojú-ṣòfin mẹ́sàn-án l'Ábùjá. Ẹ bá wa bi wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì tẹ ìdáhùn wọn pẹ̀lú orúkọ wọn: Ṣé wọ́n á fara mọ́ títún nọ́ńbà 11 ṣe, kí ìpínlẹ̀ lè tọ́jú ọ̀nà ìjọba àpapọ̀ tó wà lórí ilẹ̀ rẹ̀? Ṣé wọ́n á ti òfin kan lẹ́yìn tó sọ ọjọ́ tí owó gbọ́dọ̀ padà? Ibo ni ìdá 60 tí òfin 2007 sọ wọlé sí? Èyí tí kò bá dáhùn, kí ẹ fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ lófìfo kí a rí i.

Èmi àti àwọn tí a jọ ṣiṣẹ́ ojú ọ̀nà tí a sì ti fẹ̀yìn tì ti ń kọ ibi tí gọ́tà ti dí àti ibi tí ọ̀dà ti sán láti Iléṣà dé Òṣú sílẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀ ṣì jẹ́ ilà tẹ́ẹ́rẹ́. Aṣòfin tàbí onímọ̀ ẹ̀rọ tó bá fẹ́ rí ìwé náà, kó kàn sí yín, a ó gbé e wá, a ó sì bá a rìn dé ibẹ̀ kí òjò tó dé.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ọmọ Ọbòkún kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ojú ọ̀nà,
Ìsọ̀kùn, Iléṣà.